Ọdún Tí Ooru Kútọnù Mú Ìyá Àgbà Lọ

Ní ilé wa ní Ìfàngní, kí a tó rí ìyá bàbá mi láàárọ̀ ni a ti máa ń gbọ́ ìró ọwọ́ rẹ̀. Yóò ti jókòó sí ìdí igi ọdán tó wà láàárín agboolé, òkúta pẹlẹbẹ kan níwájú rẹ̀, òkúta kékeré lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, yóò máa pa ẹkùrọ́. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Nǹkan funfun bí omi ẹ̀kọ ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, síbẹ̀ n kò rí ọjọ́ kan tó fi òkúta lu ìka ara rẹ̀. Tí a bá wá kí i, yóò dá wa lóhùn pẹ̀lú orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ìró ẹsẹ̀ lásán ló fi ń mọ̀ wá. Ó máa ń sọ pé èmi Ráfátù ń fi gìgísẹ̀ rìn bí ẹni tó ń bá ilẹ̀ jà. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é, ọmọ ilé àti ará ìta.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, kò tíì pẹ́ tí àwọn Faransé gbé ìjọba sílẹ̀ fún àwọn èèyàn wa. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ilé alámọ̀ ni ilé wa, koóko ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, ògiri rẹ̀ sì nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè jókòó sójú fèrèsé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan ilẹ̀. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ ni iṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo ń gbá àgbàlá, màá wọ́n omi sí i kí eruku má baà sọ, lẹ́yìn náà màá lọ pọnmi ní kànga. Tí mo bá dé, màmá mi yóò ti kó ẹ̀gẹ́ jọ dè mí. A ó jókòó bó o, òun pẹ̀lú ọ̀bẹ ńlá, èmi pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré, títí ọwọ́ wa yóò fi funfun. Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà ni a ń jẹ láàárọ̀. Ní ọ̀sán, gàrí àti ẹ̀wà. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá tí ẹja gbígbẹ wà nínú rẹ̀, gbogbo wa lábẹ́ ọdán, ọwọ́ nínú àwo kan náà.

Kí ẹnikẹ́ni má tan ara rẹ̀, oòrùn ń mú ní Ìfàngní. Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ajá pàápàá kì í fẹ́ gbó. Ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ti wọ̀, ooru náà yóò bá a lọ. Ilẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tutù lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wa, afẹ́fẹ́ yóò gba inú oko ọ̀pẹ wá, àwọn adìyẹ yóò jáde láti abẹ́ àká. Ìyá Àgbà yóò wá na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sórí ilẹ̀ lásán, yóò ní, "Ilẹ̀ tó bá ń mu omi ló ń fún èèyàn ní ìtura." Ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni mo kà á sí nígbà náà. Nísinsìnyí tí mo ti dàgbà, tí wọ́n ti fi símẹ́ǹtì bo ìdajì Ìfàngní fúnra rẹ̀, tí àwọn ọmọ ọmọ mi ń gbé fáànù kiri inú ilé bí ẹni gbé ọmọ jòjòló, mo mọ̀ pé ohun tó ń sọ gan-an ni àwọn onímọ̀ ń sọ lórí rédíò.

Bàbá mi, Sàlámì, òun nìkan ni ọmọ Ìyá Àgbà tó yè. Màsọ́ọ̀nù ni, ìyẹn ni pé ó ń fi búlọ́ọ̀kù àti símẹ́ǹtì kọ́lé. Kútọnù ló ti ń ṣiṣẹ́, nítorí ìjọba tuntun ń kọ́ ilé níbẹ̀ lójú méjèèjì. Ó máa ń wálé lóṣooṣù pẹ̀lú búrẹ́dì gígùn àti sàdíìnì, símẹ́ǹtì á ṣì wà nínú èékánná rẹ̀. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ilé alájà mẹ́ta tí wọ́n ń kọ́, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gòkè bí ẹni tó ń to búlọ́ọ̀kù síwájú wa. Ó ti fẹ́ fi páànù bo ilé wa ní Ìfàngní, Ìyá Àgbà kò gbà. Ó ní, "Sàlámì, tí o bá fẹ́ yan mí jẹ, sọ fún mi." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, bàbá mi pẹ̀lú.

Ní oṣù kan, bàbá mi délé, ó ní òun ti rí dókítà kan ní ilé ìwòsàn ńlá Kútọnù tó ń yọ nǹkan funfun náà kúrò lójú àwọn arúgbó. Ó ní èèyàn mẹ́ta lára àwọn tí òun mọ̀ ti ń ríran. Ìyá Àgbà ń fọwọ́ pa ẹkùrọ́ kan lára láìfọ́ ọ.

"Ọjọ́ mélòó ni yóò gbà?"

"Ó dáa, ọ̀sẹ̀ méjì, ó pẹ́ tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ìyá. Ẹ ó rí ojú àwọn ọmọ yìí."

"Ojú tèmi náà ńkọ́? Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i gbẹ̀yìn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, o ó dá mi padà."

Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò lè lọ. Èmi ni wọ́n ní kí n tẹ̀ lé Ìyá Àgbà láti máa fà á lọ́wọ́. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun. A wọ ọkọ̀ akẹ́rù dé Àjàṣẹ́, láti ibẹ̀ a wọ rélùwéè. Bí a ṣe ń kọjá lórí omi ọ̀sà, Ìyá Àgbà gbé ojú sí fèrèsé, ó ń gba atẹ́gùn náà sára. Ìgbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ní Kútọnù, ó dúró pa, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ráfátù, ta ló ń dáná nítòsí?" Mo wò yíká. Kò sí iná níbì kankan. Ara ilẹ̀ ni ooru náà ti ń jáde.

Yàrá kan ṣoṣo ni bàbá mi ń gbé nínú ilé tí yàrá mẹ́jọ wà, tí wọ́n kọ́ ọ̀kan ti èkejì bí eyín. Búlọ́ọ̀kù ni ògiri rẹ̀, páànù ni orí rẹ̀, kò sì sí àjà láàárín páànù àti orí wa. Àgbàlá náà jẹ́ símẹ́ǹtì láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìwẹ̀. Igi kò sí, koríko kò sí. Fèrèsé yàrá náà wà, ṣùgbọ́n ilé ẹlòmíràn ti fara tì í, ọwọ́ kan péré ni àlàfo tó wà láàárín wọn. Ní ọ̀sán, páànù yóò máa dún kọ́ kọ́ lókè wa, oòrùn ló ń nà án. Ìyá Kọjó, obìnrin Fọ̀n kan tó ń dín ẹja, ló ń gbé yàrá kejì. Ó fún wa ní abẹ̀bẹ̀, ó fi Yorùbá díẹ̀ tó gbọ́ sọ fún Ìyá Àgbà pé, "Ẹ ó mọ́ra, Ìyá. Gbogbo wa mọ́ra."

Ìyá Àgbà kò mọ́ra. Irú ibi tó ti ń jókòó láti ìgbà èwe rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Tí a bá mú un jáde sí àgbàlá, símẹ́ǹtì yóò jó o lẹ́sẹ̀. Tí a bá mú un wọlé, yóò máa mí bí adìyẹ. Oúnjẹ kò wù ú mọ́, omi ló ń bèèrè ṣáá. Ó ní kò yé òun bí oòrùn ṣe lè wọ̀ tí ooru kò sì ní bá a lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, bàbá mi ń múra iṣẹ́, mo bi í ní ìbéèrè náà gan-an. Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé ògiri. Ó ṣì lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́ bí ara èèyàn.

"Oòrùn àná nìyẹn," bàbá mi wí. "Búlọ́ọ̀kù ń mu oòrùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Tí oòrùn bá lọ tán, yóò máa tú u jáde díẹ̀díẹ̀, ara àwa tí a sùn tì í ló sì ń tú u sí. Kó tó tutù tán, oòrùn mìíràn ti dé."

"Ilé wa ńkọ́, Bàbá?"

"Ilé wa, ilẹ̀ ń mu omi, igi ń mu omi. Tí oòrùn bá dé, omi yẹn ni yóò kọ́kọ́ máa fà, kò ní ráyè gbé gbogbo agbára rẹ̀ lé wa lórí. Níbí, a ti fi símẹ́ǹtì bo ilẹ̀ lẹ́nu. Òjò tó bá rọ̀, gọ́tà ló ń gbé e lọ. A ti gé igi tó yẹ kó ṣíji bò wá. Atẹ́gùn tó yẹ kó wá gbé ooru lọ, ilé ti dí i lọ́nà."

"Ta ló ṣe é báyìí?"

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Àwa ni," ó wí, ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀, ó jáde.

Mo ti ro ìdáhùn yẹn wò ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Bàbá mi mọ ohun tó ń pa ìyá rẹ̀ lára, ó mọ̀ ọ́n ju bí dókítà ṣe lè mọ̀ ọ́n lọ. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ní kí a máa padà wá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a lọ, wọ́n ní ojú náà yóò ṣeé ṣe, èrò ló pọ̀. Ìgbà kejì, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá mi rò pé ọ̀sẹ̀ kan kò jẹ́ nǹkan kan. Ó rò pé tí òun bá dá a padà sí Ìfàngní, kò ní gbà láti tún wá mọ́, yóò sì kú sínú òkùnkùn. N kò lè dá a lẹ́bi. Ó fẹ́ kí ìyá òun ríran.

Ohun mìíràn tún wà. Olè ń jà ní àdúgbò náà lọ́sàn-án gangan, ojú irin sì wà lẹ́yìn ilé. Ní ọjọ́ kan tí mo lọ pọnmi, Ìyá Àgbà dá jáde, ó ń fọwọ́ tọ ògiri lọ, ó ń wá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ìyá Kọjó ló rí i lẹ́bàá ojú irin. Bàbá mi ra agádágodo kan lọ́jọ́ kejì. Ó ní tí mo bá fẹ́ lọ pọnmi, kí n ti ilẹ̀kùn láti ìta, kí n fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn, kí n sì tètè dé. Ẹ̀rọ omi kò jìnnà, kì í gbà mí ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, atẹ́gùn kò fẹ́ rárá láti àárọ̀. Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó ró aṣọ rẹ̀ mọ́ ìbàdí nìkan. Omi inú ìkòkò ti tán ní ọ̀sán. Mo gbé garawa. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi.

"Ráfátù, má ti ilẹ̀kùn lónìí. Jẹ́ kí n jókòó sẹ́nu ọ̀nà."

"Bàbá ní kí n máa tì í, Ìyá Àgbà."

"Tètè dé o," ó wí.

Mo ti ilẹ̀kùn. Ìgbà tí mo dé ìdí ẹ̀rọ, omi kò yọ. Obìnrin kan tó gbé garawa bíi tèmi ní omi ń yọ ní òpópó àwọn òyìnbó, níbi tí àwọn olórí ìjọba tuntun náà ń gbé. Mo tẹ̀ lé e. Ó jìnnà, ilẹ̀ jó mi lẹ́sẹ̀ títí omijé fi ń bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà a yà sí òpópó kan, ó sì dà bí ẹni pé ẹnì kan ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Igi ọ̀gànwó ńláńlá wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, orí wọn pàdé lókè. Ilé tó wà níbẹ̀ jìnnà síra wọn, koríko tútù yí wọn ká, ọkùnrin kan ń fi rọ́bà bomi rin òdòdó. Ilẹ̀ tutù. Mo tún wò ó bóyá Kútọnù náà ni, Kútọnù náà ni. Oòrùn kan ṣoṣo ló wà lókè àwọn tó ń gbé níbẹ̀ àti àwa.

Mo pọn omi mi kún. Mo ní kí n jókòó sábẹ́ igi kan díẹ̀ kí ẹsẹ̀ mi sinmi. Mo fẹ̀yìn ti ìdí rẹ̀. Bí mo ṣe jókòó yẹn, oorun tí n kò sùn dáadáa láti ọ̀sẹ̀ méjì gbé mi lọ. Ohùn ẹni tó ń pe ìrun àsárì láti ọ̀nà jíjìn ló jí mi.

Mo sáré. Omi ń dà sí mi lára, n kò dúró. Ìgbà tí mo dé, èèyàn kún ẹnu yàrá wa. Ìyá Kọjó ń fi ọmọ odó lu ilẹ̀kùn, ọkùnrin kan ń fi irin yọ agádágodo náà. Ẹnì kan já kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn mi. Bí wọ́n ṣe ṣí i, ooru tó jáde dà bí ti inú ààrò tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì. Ìyá Àgbà wà nílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn gan-an. Ó ti wọ́ ara rẹ̀ dé ibẹ̀, ó gbé imú rẹ̀ sí ihò tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ ti ń wọlé. Ìyá Kọjó ní òun gbọ́ tó ń kan ilẹ̀kùn nígbà tí òun ti ọjà dé, ó kàn án títí, lẹ́yìn náà kò kàn án mọ́.

Wọ́n gbé e síta, wọ́n da omi tí mo pọn lé e lórí. Mo fọwọ́ kan ara rẹ̀. Ó gbóná bí ìkòkò, ó sì gbẹ, òógùn kan kò sí lára rẹ̀. Èyí ló bà mí lẹ́rù jù, nítorí gbogbo wa tó dúró níbẹ̀ ni òógùn ń dà lára wa. Ètè rẹ̀ ń mì. Mo gbé etí sí i. Ó ń pe orúkọ bàbá mi, ó ń sọ fún un kó wá gbé òun kúrò nínú oòrùn, bíi pé bàbá mi ṣì jẹ́ ọmọdé tí wọ́n jọ wà lóko. Ìgbà tí bàbá mi dé láti ibi iṣẹ́, símẹ́ǹtì ṣì wà lápá rẹ̀. Ó gbé e lé itan, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ó ń sọ pé, "Mo ti dé, Ìyá. Mo ti dé." Kí oòrùn tó wọ̀, Ìyá Àgbà ti lọ. Bàbá mi kò dáwọ́ abẹ̀bẹ̀ náà dúró. Ìyá Kọjó ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, a gbé e wọ ọkọ̀ akẹ́rù kan lọ sí Ìfàngní. Bàbá mi jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀ kí ọkọ̀ má baà máa jù ú. Àwọn obìnrin wẹ̀ ẹ́ lábẹ́ ọdán. Kò tíì di ọ̀sán nígbà tí wọ́n sin ín. Lẹ́yìn náà ilé wa dákẹ́ ní ọ̀nà tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ń gbálẹ̀ láàárọ̀, mo ń pọnmi, mo ń bó ẹ̀gẹ́, kò sí ẹni tó ń sọ fún mi pé mo ń fi gìgísẹ̀ rìn. Màmá mi rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe mí tí n kò fi jẹun. Gbogbo èèyàn ló gbà pé ibi ẹ̀rọ omi ni mo pẹ́ sí, pé èrò ló pọ̀. Kò sí ẹni tó bi mí.

Ní ọjọ́ kejì àdúrà ọjọ́ kẹjọ, bàbá mi ń padà sí Kútọnù. Èmi ni mo bá a ru àpò rẹ̀ dé etí títì níbi tí ọkọ̀ ti ń gbérò. A dúró, àwa méjì. Mo sọ fún un. Mo sọ òpópó àwọn òyìnbó, mo sọ ìdí igi, mo sọ oorun tí mo sùn. Mo tún sọ pé Ìyá Àgbà ní kí n má ti ilẹ̀kùn.

Ó ń wo ojú títì. Lẹ́yìn náà ó bèèrè pé, "Ó tutù níbẹ̀?"

"Ó tutù, Bàbá."

"Mo mọ òpópó yẹn. Èmi náà máa ń jẹun ọ̀sán mi níbẹ̀." Ó fọwọ́ nu ojú rẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀. "Ọmọdé ni ọ́, ó rẹ̀ ọ́, o sùn. Èmi ni mo ra agádágodo. Ta lo ti sọ fún?"

"N kò sọ fún ẹnì kankan."

"Má sọ fún ẹnì kankan."

"Bàbá, ẹ má padà síbẹ̀ mọ́."

"Níbo ni kí n lọ? Níbẹ̀ ni iṣẹ́ wà, Ráfátù. Ilé tí a ń kọ́ kò tíì dé òrùlé."

Ọkọ̀ dé. Ó gba àpò rẹ̀ lórí mi, ó gòkè, ó jókòó sáàárín àwọn èèyàn àti àpò gàrí, kò wẹ̀yìn. Mo dúró títí n kò fi rí ọkọ̀ náà mọ́. Ìgbà tí mo dé ilé, màmá mi gbé ojú sókè láti ìdí ẹ̀gẹ́ tó ń bó. Ó bi mí pé kí ni bàbá mi ń bá mi sọ tí mo fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kò bá mi sọ nǹkan kan.